Àwòrán Tó Dojú Délẹ̀ Lórí Tábìlì Wa

Ìyá mi ti ń pín ẹrù rẹ̀. Àìsàn kankan kò ṣe é, àfi ojú tó ń ṣe bàìbàì. Ó kàn ní òun kò fẹ́ kí àwọn ọmọ òun máa fa ìkòkò mọ́ra wọn lọ́wọ́ lẹ́yìn òun. Nígbà tí mo dé Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́ ní Sátidé kan, tí òjò ọdún yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mú ilẹ̀, ó ti to ohun ìní rẹ̀ sórí ibùsùn. Aṣọ òfì ìgbéyàwó rẹ̀ wà níbẹ̀. Àwọn abọ́ tánganran tí a kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn nígbà tí a wà ní kékeré wà níbẹ̀. Maṣíìnì ìránṣọ tó fi rán wa lọ síléèwé dúró sílẹ̀ lẹ́bàá ògiri. Ó ń tọ́ka sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń sọ ẹni tó máa ni wọ́n.

Ohun kan ṣẹ́ kù ní ìkángun ibùsùn, ohun pẹlẹbẹ kan tí a fi aṣọ pupa wé. Kò tọ́ka sí i. Mo bi í pé ta ló ni ìyẹn.

Ó ní, "Ohun tí wọ́n bá fún mi ni mo lè fún ọmọ mi. Èyí, n kò mọ̀ bóyá ó fún mi ni, àbí ó kọ̀ ọ́ sílẹ̀ fún mi nítorí pé mo ti bà á jẹ́."

Mo mọ ohun tó wà nínú aṣọ náà. Àwòrán kékeré kan láti Íńdíà ni, kò fẹ̀ ju ìwé tí ọmọ iléèwé ń há sí abíyá lọ. Láti ìgbà tí mo ti wà ní nǹkan bí ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ló ti wà nínú aṣọ yẹn. Iṣẹ́ ìròyìn ni mo ti fi jẹun láti ìgbà tí mo ti jáde ní yunifásítì. Mo ti bi olóṣèlú ní ìbéèrè tó mú un bínú dìde lórí àga, mo ti bi olè ní ìbéèrè nínú àhámọ́. Ṣùgbọ́n n kò bi ẹnikẹ́ni rí pé kí ló dé tí obìnrin tó ni àwòrán yẹn fi gbé e kalẹ̀ lórí tábìlì wa, tó dojú rẹ̀ délẹ̀, tó sì bá ọkọ rẹ̀ wọ ọkọ̀ lọ láìdágbére.

Ọkọ rẹ̀ ni iṣẹ́ gbé wá. Nígbà yẹn, àwọn tíṣà ará Íńdíà pọ̀ ní àwọn iléèwé girama agbègbè wa. Ìṣirò ni wọ́n sábà máa ń kọ́, àwọn ọmọ sì ń bẹ̀rù wọn ju ọ̀gá iléèwé lọ. Èyí tí mo ń sọ yìí háyà yàrá méjì iwájú ilé wa. Bàbá mi ń mọlé káàkiri Ìlọrin, ìparí oṣù ló ń wálé, nítorí náà ìyá mi ni onílé. Aránṣọ ni, iṣẹ́ abẹ́rẹ́ ọrùn agbádá sì ni ọwọ́ rẹ̀ mọ́ jù. Ọmọ ìjọ Aládúrà ni pẹ̀lú, ó sì ń bẹ bẹ́ẹ̀ títí di òní.

Ìyá mi ń pe ìyàwó tíṣà ní Ìyàwó. Òun náà ń pe ìyá mi ní Dídí, tó jẹ́ pé ẹ̀gbọ́n obìnrin ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀ ní èdè wọn. Ìyá mi ló kọ́ ọ ní Yorùbá. Ó gba ẹ̀kọ́ ìbọ̀wọ̀ fún àgbà náà débi pé ó ń kí ewúrẹ́ aládùúgbò ní "ẹ kú ìrọ̀lẹ́ mà", àwa ọmọdé sì máa ń dúró sẹ́yìn fèrèsé kí ewúrẹ́ náà tó dé, ká lè rí ẹ̀rín rín.

Lọ́sàn-án, tí ọkọ bá wà ní iléèwé, fàráńdà ni àwọn méjèèjì máa ń wà. Ìyá mi á jókòó sórí àpótí pẹ̀lú agbádá ẹni ẹlẹ́ni lórí itan. Ìyàwó á jókòó sórí ẹní, á ká orúnkún kan sókè, á gbé pátákó kékeré tì í, á máa ya àwòrán. Àwòrán rẹ̀ kéré débi pé o ní láti sún mọ́ ọn bí ẹni fẹ́ gbọ́ òfófó. Ìkarahun ìgbín ló ń po ọ̀dà sí. Òkúta tí wọ́n lọ̀ kúnná ni ọ̀dà náà, ó sì ń fi gọ́ọ̀mù tó ti ara igi wá pò ó kó lè di ìwé mú. Mo máa ń jí gọ́ọ̀mù náà lá. Kò dùn, síbẹ̀ mo ń lá a.

Irun ìrù ọ̀kẹ́rẹ́ ni wọ́n fi ń ṣe búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀. Nígbà tí èyí tó gbé wá gbó tán, ìyá mi ránṣẹ́ sí ọdẹ kan ní ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́ pé kó bá òun wá ìrù ọ̀kẹ́rẹ́. Ọdẹ náà kò rí ìdí tí ènìyàn á fi ra ìrù láìra ẹran, ó gbé odidi ọ̀kẹ́rẹ́ gbígbẹ tó yọ eyín síta wá. Ìyàwó kì í jẹ ẹran. Ó sá wọ yàrá, ó ti ilẹ̀kùn. Ìyá mi gé ìrù fún un, ó se ìyókù, a jẹ ẹ́, ó sì dùn.

Àwòrán mẹ́rin ni Ìyàwó gbé wá láti ilé. Ayàwòrán ni bàbá rẹ̀, ó kó wọn fún un nígbà tó ń lọ ilé ọkọ. Kì í gbé wọn kọ́ sára ògiri. Inú aṣọ pupa ni wọ́n ń gbé, ó sì lójọ́ tó máa ń tú wọn sílẹ̀ lórí ẹní, bí ẹni tó ń sá èlùbọ́, láti kọ́ ìyá mi.

Ọ̀kan jẹ́ ti ààfin àwọn ọba Múgálì, àwọn ọba Mùsùlùmí tó jẹ gàba lé àríwá Íńdíà lórí nígbà láéláé. Ọba kan dúró, ó gbé òdòdó kan sún mọ́ imú. O lè ka irun àgbọ̀n rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìyá mi wò ó títí, ó ní ará ààfin pọ́nbélé nìyí, kò rẹ́rìn-ín, kò fajú ro, kò jẹ́ kí o mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Èkejì ti Rájásítánì wá, ilẹ̀ iyanrìn tí oòrùn ti ń ta. Pupa rẹ̀ pọ́n bí epo tuntun, ojú àwọn obìnrin inú rẹ̀ sì gùn bí ẹja, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan etí wọn. Ìyá mi ní àwọn wọ̀nyí ń pariwo, ọjọ́ ọjà ni wọ́n fi yà wọ́n. Ẹ̀kẹta wá láti ilẹ̀ gíga ìhà gúúsù tí wọ́n ń pè ní Dẹ́kánì, wúrà pọ̀ lára rẹ̀, àwọn òkúta inú rẹ̀ pọ́n rẹ́súrẹ́sú bí ẹran ara obì, obìnrin kan tó ga ju bó ti yẹ lọ sì ń bá ẹyẹ sọ̀rọ̀. Ìyá mi ní ẹni tó ya eléyìí ti sùn lọ nídìí iṣẹ́, iṣẹ́ náà sì ń bá ara rẹ̀ lọ.

Ẹ̀kẹrin ni bàbá Ìyàwó fi ọwọ́ ara rẹ̀ yà, ní ìlànà Kángírà, àgbègbè olókè níbi tí wọ́n ti bí i. Obìnrin kan dúró lórí òkè tútù, ó kọ ẹ̀gbẹ́ sí wa, ó ń wo ọ̀nà tí olólùfẹ́ rẹ̀ máa gbà dé. Òjò ṣú dùdù lókè. Mànàmáná kan gba inú ìkúùkù kọjá, wúrà ni wọ́n fi fà á, ó tín-ín-rín ju òwú lọ. Àwọn lékeléke sì ń fò lọ níwájú òjò náà, funfun báláú. Nígbà tí mo kọ́kọ́ rí i, mo na èékánná mi sí wọn, bí a ti máa ń ṣe sí àwọn tó ń kọjá lórí Ọ̀yọ́. Ìyàwó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní bàbá òun ì bá fẹ́ràn èyí. Ìgbà yẹn ni a mọ̀ pé bàbá náà ti kú.

Kò pẹ́ tí ìyá mi fi ń dá wọn mọ̀ yàtọ̀ síra. Ó ní àwọn àwòrán yìí ní ilà lójú. Bí òun bá rí ẹni tó kọ àbàjà, òun mọ apá ibi tí wọ́n ti bí i kó tó lanu. Bákan náà ni òun ṣe ń mọ igbá tí wọ́n fín ní Ọ̀yọ́ láàárín igbá ibòmíràn. Ìyàwó ní àwọn káàdì pẹlẹbẹ tí ẹbí rẹ̀ fi ránṣẹ́, àwòrán bẹ́ẹ̀ ló wà lára wọn. Ó máa ń fi ọwọ́ bo ohun tí wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀, á ní kí ìyá mi sọ ìlú rẹ̀. Ọ̀kan ṣoṣo ló dà á láàmú. Ó ní irun rẹ̀ dàbí ti ààfin, ṣùgbọ́n ewéko rẹ̀ tútù bí ti òkè. Ìyàwó ṣàlàyé pé nígbà tí nǹkan kò dán mọ́rán ní ààfin mọ́, àwọn ayàwòrán kan lọ wá iṣẹ́ sọ́dọ̀ àwọn ọba kéékèèké orí òkè, ọwọ́ wọn sì dà pọ̀ mọ́ ti ará ibẹ̀. Ìyá mi ní ó yé òun: ọmọ tí wọ́n bí ní Ọ̀yọ́ tó dàgbà sí Ògbómọ̀ṣọ́ nìyẹn, ilà ibí, ohùn ọ̀hún.

Ọwọ́ abẹ́rẹ́ kì í pẹ́ mọ búrọ́ọ̀ṣì lò. Ìyá mi bẹ̀rẹ̀ sí í ya ewé, ó ya òjò, ó ya òrùlé páànù Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́ tó ti dógùn-ún sábẹ́ ìkúùkù Kángírà. Ojú ènìyàn ni kò gbọ́ tirẹ̀. Nínú gbogbo àwọn àwòrán mẹ́rin yẹn, ẹ̀gbẹ́ ojú ni wọ́n yà, ojú kan ṣoṣo lo máa rí. Ìyá mi ò lè ṣe é. Bó bá ti bẹ̀rẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́, ojú náà á yí síwájú. Ẹni tó bá mọ ilé fọ́tò ayé ìgbà náà á mọ ìdí: o máa jókòó ṣinṣin, o máa gbé ọwọ́ lé orúnkún, o máa wo ẹ̀rọ náà lójú kòrókòró. Ìyàwó bẹ̀ ẹ́ títí kó gbìyànjú.

Ìyá mi ní, "Ẹni tó bá kọ ẹ̀gbẹ́ sí mi, ohun tí mo kọ́kọ́ máa bi í ni kí ni mo ṣe fún un."

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ya àwòrán tirẹ̀ àkọ́kọ́ tó parí: obìnrin kan tó wọ sùtánà funfun, kò wọ bàtà, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé wa, ó sì la ojú rẹ̀ méjèèjì sílẹ̀, ó ń wò ọ́. Ìyàwó dojú rẹ̀ délẹ̀ sórí pátákó, ó mú òkúta dídán kan, ó fi ra ẹ̀yìn ìwé náà títí tí ọ̀dà iwájú fi ń kọ mọ̀nàmọ̀nà. Bí wọ́n ṣe ń parí iṣẹ́ náà nìyẹn. Ó ní a kì í ra ẹ̀yìn àwòrán tí kò tíì pé, ọ̀gá tó ni ibi iṣẹ́ ló sì máa ń sọ pé ó pé. Ìyá mi gbé e há sẹ́yìn dígí nínú yàrá wa. Nígbà tó yá, a kò rí i mọ́. Ó gbà pé afẹ́fẹ́ gbé e lọ, tàbí pé èmi ni mo fi di ẹ̀pà. N kò fi di ẹ̀pà.

Ní àsìkò òjò kejì tí wọ́n lò pẹ̀lú wa, ibà kọlu Ìyàwó. Kì í ṣe ibà kékeré. Ọkọ rẹ̀ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ní Ògbómọ̀ṣọ́, ó kó kọ́kọ́rọ́ yàrá fún ìyá mi. Ìyá mi kò lè jókòó lásán. Ó pe àwọn ìyá méjì nínú ìjọ, wọ́n wọ sùtánà wọn, wọ́n wá gbàdúrà sínú yàrá náà kí ara aláìsàn lè yá. Mo tẹ̀ lé wọn wọlé.

Àwòrán Kángírà wà lórí tábìlì, nítorí Ìyàwó ń dà á kọ lọ́wọ́ nígbà tí àìsàn dé. Ọ̀kan nínú àwọn ìyá náà tẹjú mọ́ ọn, ó bèèrè bóyá màmíwọtà kọ́ nìyí. Ìyá mi ní rárá o, òjò lẹni yìí ń wò, kò bá odò ṣe nǹkan kan. Wọ́n kọrin, wọ́n gbàdúrà. Ìyá mi gbé abọ́ omi àdúrà, ó wọ́n ọn sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Lẹ́yìn náà ó rántí ibi tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ máa ń jókòó jù, ibi tó ti ń ṣe iṣẹ́ tó fẹ́ràn. Ó ní kí ìbùkún má yọ ibẹ̀ sílẹ̀. Ó wọ́n omi síbẹ̀ pẹ̀lú, ó fi ọkàn tó mọ́ wọ́n ọn.

Omi díẹ̀ kán sórí obìnrin orí òkè náà. Bí ó bá fi í sílẹ̀ kó gbẹ, bóyá ohun tó bàjẹ́ ì bá má pọ̀. Ṣùgbọ́n aránṣọ ni, bí nǹkan bá kán sáṣọ oníbàárà, ó ń nù ún kíá ni. Ó fi etí sùtánà nù ún. Ọ̀dà tí gọ́ọ̀mù so pọ̀ kò lágbára kankan lójú omi. Nígbà tó gbé ọwọ́ kúrò, obìnrin náà kò lójú mọ́, kò nímú, ojú rẹ̀ ti wà létí sùtánà ìyá mi, ó dàbí àmì èlú. Ìwé náà sì wú níbẹ̀, ó hunjọ bí awọ tí iná rà.

N kò tíì rí kí ìyá mi sunkún ṣáájú ọjọ́ náà. Kò pariwo. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú aṣọ funfun rẹ̀, ó ń wo etí aṣọ. Ìyá kan nínú ìjọ ní kó sọ fún Ìyàwó pé aláǹgbá ló já sí i. Ìyá mi ní, "Aláǹgbá wo ló ń nu nǹkan?"

Ó gbìyànjú láti tún un ṣe. Ó po ọ̀dà nínú ìkarahun, ó jókòó ní ibi tí Ìyàwó ń jókòó, ó ká orúnkún sókè bíi tirẹ̀. Èmi ni mo ń lé eṣinṣin. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́, bí ó ti yẹ, ó fa imú, ó fa ẹnu. Nígbà tó dé orí ojú, ọwọ́ rẹ̀ ṣe ohun tó mọ̀. Ìgbà tó fi máa gbójú sókè, obìnrin Kángírà náà ti yí padà kúrò lọ́nà tó ń wò. Ara rẹ̀ kọ ẹ̀gbẹ́ sí wa, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ méjèèjì ń wò wá gán-án, bí ìyàwó ilé Ọ̀yọ́ tí àlejò kàn ilẹ̀kùn rẹ̀. Ìyá mi kò ra ẹ̀yìn rẹ̀. Ó ní kì í ṣe ẹnu òun ni wọ́n ti máa gbọ́ pé ó pé.

Ìyàwó dé, ó rù, ẹsẹ̀ rẹ̀ tín-ín-rín. Ìyá mi kò jẹ́ kó tíì jókòó tó fi kúnlẹ̀, ó sì sọ fún un. Àgbà kúnlẹ̀ fún àbúrò. Ìyàwó gbé àwòrán náà, ó wò ó, ó wò ó. Ó fa ìyá mi dìde. Ó wé àwòrán náà sínú aṣọ pupa, ó lọ dùbúlẹ̀. Láti ọjọ́ náà wọ́n ń kí ara wọn, wọ́n ń fún ara wọn ní oúnjẹ, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó dá ọ̀rọ̀ àwòrán sílẹ̀, wọn kò sì tẹ́ ẹní sí fàráńdà mọ́. Ara rẹ̀ kò tíì le tó ìyẹn ni, àbí ọkàn rẹ̀ ni? A kò mọ̀.

Kò pẹ́, wọ́n kò tún àdéhùn iṣẹ́ ọkọ rẹ̀ ṣe mọ́. Ọjọ́ tí wọ́n máa lọ gan-an, ìyá mi lọ gbé agbádá kan fún ẹni tó fẹ́ wọ̀ ọ́ lọ síbi ìnáwó. Ó ṣírò pé òun á dé kí wọ́n tó gbéra. Ọkọ̀ wọn ti gbéra kó tó dé. Orí tábìlì wa ni àwòrán náà wà, lórí aṣọ pupa rẹ̀, ó dojú délẹ̀. Ìyá mi fi aṣọ náà wé e láìyí i padà wò, ó ti mọ èyí tó jẹ́. Kò tú u mọ́ títí di àsìkò tó ń pín ẹrù yìí.

Ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo ló lè wà: awakọ̀ tó fi Píjò rẹ̀ gbé wọn lọ sí pápákọ̀ òfurufú ní Èkó. Ọmọ ìjọ wa ni nígbà náà. Mo bèèrè lọ́wọ́ àwọn àgbà ìjọ, wọ́n ní ó ti padà sí abúlé wọn ní Ìrẹsà, ó ń dáko. Ní Móńdè, mo gba Ògbómọ̀ṣọ́ lọ. Mo yà ní Under G, àdúgbò tó wà lẹ́bàá yunifásítì ibẹ̀, láti ra búrẹ́dì fún baba náà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kún ojú ọ̀nà, olúkúlùkù ń wo fóònù, ojú kan síbí, ojú kan sọ́hùn-ún. Mo rántí pé àwọn àwòrán Ìyàwó kò fi bẹ́ẹ̀ tóbi ju fóònù yẹn lọ, ènìyàn á sì fi odidi oṣù kan ya ọ̀kan.

Mo bá baba lábẹ́ igi máńgòrò, ó ń bó àgbàdo. Mo kúnlẹ̀, mo sọ ọmọ ẹni tí mo jẹ́. Ó wò mí títí.

"Ìwọ lọmọ tó ń lá gọ́ọ̀mù ìyàwó tíṣà?"

Mo ní èmi ni, sà.

"Inú rẹ kò lẹ̀ pọ̀?"

Nígbà tó rẹ́rìn-ín tán, mo bi í ní ohun tí mo máa ń bi ẹlẹ́rìí gbogbo: ohun tí ẹ fi ojú ara yín rí àti ohun tí ẹ fi etí ara yín gbọ́ nìkan. Ó ní òun kì í purọ́ mọ́ alààyè, ká má tíì sọ òkú. Ohun tó sọ nìyí.

"Gbogbo ẹrù wọn wà nínú bùùtù àti lórí ọkọ̀. Ohun kan ṣoṣo ló gbé sórí itan. Ọkọ rẹ̀ ní kó gbé e wá sí iwájú, kò fún un. Nígbà tí a kọjá Ìbàdàn, àwọn ọlọ́pàá dá wa dúró. Ọ̀kan ní kó tú ohun tó wà lórí itan yẹn. Ó tú u. Àwòrán obìnrin aláṣọ funfun kan ni, ara ìjọ wa pátápátá, kò wọ bàtà, ó la ojú sílẹ̀ gbòò. Ọlọ́pàá ní, ta lẹni tó ń wo òun báyìí? Ìyàwó tíṣà ní Dídí òun ló yà á. Ọlọ́pàá bi mí pé ta ló ń jẹ́ Dídí. Èmi náà bi obìnrin náà. Ó ní, 'Ẹ̀gbọ́n mi ni, ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́.' Ọlọ́pàá ní kó wé e kíá, pé bí ìyá ìyàwó òun ṣe ń wo òun gan-an nìyẹn. Ó ní ká máa lọ. Kò tilẹ̀ yẹ bùùtù wò."

Àwòrán tó sọ nù nìyẹn, èyí tí wọ́n ní mo fi di ẹ̀pà.

Mo bi í bóyá obìnrin náà sọ nǹkan kan nípa àwòrán tó fi sílẹ̀. Mo fẹ́ kó sọ bẹ́ẹ̀ ni. Ó ronú, ó mi orí.

"Ọkọ bi í ní nǹkan kan ní èdè wọn, ó sì jọ ìbínú. Ó sọ̀rọ̀ gígùn. Obìnrin náà sọ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan, ó sì gbá ohun tó wà lórí itan rẹ̀ pẹ́pẹ́, báyìí, bí ìgbà tí ènìyàn ń rẹ ọmọ. N kò gbọ́ èdè wọn. Ohun tí mo rí ni mo sọ."

Mo gbé ẹ̀rí náà dé Ọ̀yọ́ bó ṣe wà, n kò fi nǹkan kan kún un. Ìyá mi gbọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láìdá mi lẹ́nu. Ó ní kí n tún ibi ọlọ́pàá sọ. Mo tún un sọ. Lẹ́yìn náà ó bèèrè ohun kan tí èmi, pẹ̀lú gbogbo ọdún tí mo ti fi ń bi ènìyàn ní ìbéèrè, kò rántí bèèrè.

"Láti Ọ̀yọ́ dé Èkó, orí itan rẹ̀ ló wà? Kò gbé e sílẹ̀?"

Mo ní baba kò sọ pé ó gbé e sílẹ̀.

Ó na ọwọ́ sí ohun pẹlẹbẹ náà, ó tú aṣọ pupa. Ẹ̀yìn ìwé náà ló kọ́kọ́ kàn. Ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́, nítorí náà ìka ló fi ń wò. Ó gbé àtàǹpàkò lé àárín ìwé náà, ó rìn ín lọ síbi tí ojú obìnrin náà wà ní òdìkejì, ibi tí omi kàn, tó wú, tó hunjọ. Ó lọ, ó bọ̀. Ó mú ìka mi, ó gbé e síbẹ̀ pẹ̀lú.

Ó tẹ́jú. Ó ń yọ̀ bí àwo.

"N kò ra ẹ̀yìn rẹ̀," ni ìyá mi wí. "Ọwọ́ mi kọ́ ló ṣe èyí."

Nígbà náà ló tó dojú rẹ̀ sókè. Òjò ṣì ṣú, àwọn lékeléke ṣì ń fò lọ. Obìnrin náà sì wà lórí òkè rẹ̀, ojú rẹ̀ méjèèjì ń wò wá gẹ́gẹ́ bí ìyá mi ṣe fi í sílẹ̀. Ìyàwó kò pa á rẹ́, kò tún un yà. Ohun tó ṣe kò ju pé ó dojú rẹ̀ délẹ̀, ó fi òkúta ra ẹ̀yìn rẹ̀, bí wọ́n ti ń ṣe sí àwòrán tó bá ti pé, ó sì fi í sílẹ̀ bí ó ṣe wà. Ọ̀dà ojú náà ń dán bákan náà pẹ̀lú ọ̀dà tí bàbá rẹ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ kùn.

Ìyá mi sọ fún àwòrán náà, bí ẹni ń kí aládùúgbò, pé ẹ kú àtijọ́. Lẹ́yìn náà, ó ní kí n wá ìṣó àti dígí tó máa bò ó, kí n má sì kàn án mọ́ ògiri tí oòrùn ìrọ̀lẹ́ ń bà. Ó ní bí àwọn ará ìjọ bá wá gbàdúrà nínú ilé lọ́sẹ̀ yìí, kí n sọ fún wọn kí wọ́n wọ́n omi wọn mọ ẹnu ọ̀nà, Ọlọ́run á rí i láti ibẹ̀.

Mo bi í bóyá kí n kọ orúkọ ara mi mọ́ àwòrán náà, nígbà tó ti di tirẹ̀ tó lè fi fúnni.

Ó ní, "Èyí kò sí nínú ohun tí mo ń pín." Ó sì fi ọwọ́ ti ìyókù ẹrù sẹ́yìn lórí ibùsùn, kí àyè lè gbà á.